Oògùn Sòbìà Tí Wọ́n Ní Mo Ní

Iṣẹ́ oògùn ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, n kò sì rí oògùn kan ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí kí n tó bá ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí pé bí àwọn ènìyàn bá ti gbọ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí, tí wọ́n tún gbọ́ pé ìmọ̀ kẹ́mísìrì oògùn ni mo fi di ọ̀jọ̀gbọ́n, ojú tí wọ́n fi ń wò mí máa ń yí padà. Wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà. Èwo ni tiyín nínú àwọn oògùn tí à ń lò?" Èmi a sì máa wo bàtà mi. Sòbìà ni mo bá jà. Sòbìà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n oògùn kọ́ ló lé e lọ. Aṣọ ni. Wọ́n kọ́ àwọn ará oko láti máa fi aṣọ sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún, àìsàn náà sì kásẹ̀ nílẹ̀. Inú mi dùn sí i bí inú gbogbo ènìyàn ṣe dùn, ojú sì tì mí láàárín ayọ̀ náà.

Ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kétu ni wọ́n bí mi sí, nínú ilẹ̀ tí Faransé ń jọba lé lórí nígbà náà. Adágún kan ṣoṣo la ní, inú rẹ̀ ni sòbìà wà. Bí ẹ kò bá mọ sòbìà, aràn tínrín gígùn kan ni, tí ènìyàn ń mu mọ́ omi láìmọ̀. Yóò gbé inú ara fún bí ọdún kan láìsọ nǹkan kan, lẹ́yìn náà yóò dá ihò sí ẹsẹ̀, yóò yọ orí síta. Àwọn àgbà wa a máa wé orí rẹ̀ mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n á máa ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi jáde. Bí ẹni tó ń ká a bá kánjú, tó bá já sínú, ẹsẹ̀ náà á wú, á sì kẹ̀. Mo mọ àwọn tí wọn kò fi ẹsẹ̀ wọn rìn dáadáa mọ́ láti ìgbà náà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Ràfíù, ni sòbìà fẹ́ràn jù nínú ilé wa. Òun ló tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti mọ bí ayé ṣe rí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí iṣẹ́ oko bá pọ̀, ìgbà náà gan-an ni yóò dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ àwọn apoògùn ní Dàkáà, wọ́n fi mí sí ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́, nínú ilẹ̀ Faransé kan náà, mo ń ka kóró oògùn, mo ń fi ìwé dì í fún àwọn aláìsàn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ní Ìkẹjà, lẹ́bàá Èkó, ń wá oògùn sòbìà. Mo lọ dágbére fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹsẹ̀ yín ni mò ń torí rẹ̀ lọ o." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Lọ, kí o sì tètè dé. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í pẹ́ẹ́ dé."

Mo rò pé Èkó kò ní jẹ́ òkèèrè fún mi. Ṣebí Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá ni èmi náà ń sọ. Àfi ìgbà tí mo la ẹnu mi ní ìdíkọ̀ reluwé Agége, mo bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn alárù, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ gbọ́ bí Ègùn yìí ṣe ń sọ̀rọ̀!" Mo ní èmi kì í ṣe Ègùn. Ẹ̀rín náà tún wá pọ̀ sí i. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kọ́ láti máa ro ọ̀rọ̀ mi ní ọkàn kí n tó sọ ọ́, bí ẹni pé èdè ìyá mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́.

Ìtìjú yẹn kéré sí èyí tó dé bá mi ní ibi iṣẹ́. Ilé ìwádìí náà wà ní ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ tuntun kan ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gé igi obì láti fi ilẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀rọ. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, Dókítà ni gbogbo wa ń pè é, gba ìwé ẹ̀rí tí mo gbé wá láti Dàkáà. Ó wò ó ní iwájú, ó wò ó ní ẹ̀yìn. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì gbọ́ Faransé. Ó sọ nǹkan kan fún Gàníyù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tọ́jú àwọn ẹranko ibẹ̀. Gàníyù kọjú sí mi, ó ní, "Ọ̀gá ní ṣé o lè fọ ìgò?"

Mo ní mo lè fọ ìgò. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ti dágbére fún gbogbo ìlú, wọ́n ti gbàdúrà fún mi ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń retí. Mo wọ aṣọ funfun tí wọ́n fún mi, mo dúró ní ibi omi, mo ń fọ ìgò tí àwọn ẹlòmíràn ti fi ṣe ìwádìí. Gàníyù sọ mí ní Músíò, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọkùnrin. Bí mo bá ti ń wọlé láàárọ̀, ó di, "Músíò, bọ́ńjúù! Ìgò ń dúró dè ọ́ o." Kò ní ìkà nínú, òun nìkan ló sì máa ń pín oúnjẹ rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n bí ó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, ojú a máa tì mí.

Bùràímọ̀, ọmọ àbúrò bàbá mi, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Àjàṣẹ́. Òun ló jẹ́ kí irú èmi lè máa fi tẹlifóònù bá ilé sọ̀rọ̀. N óò jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Ìkẹjà títí wọn yóò fi pè mí, n óò sì máa pariwo sínú fóònù náà bí ẹni tó ń pe èrò òdìkejì odò.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ilé ní kí n kí yín o! Ṣé oògùn náà ti jáde?"

"Kò tíì jáde o, Bùràímọ̀. Oògùn kọ́ ni mò ń ṣe. Ìgò ni mò ń fọ̀."

Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n. Ó yé mi dáadáa."

Kò yé e rárá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí ní ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ní oògùn tó ń jẹ́ kì í gbà pé òun ní in. Ẹ lè lọ bá bàbá kan tí gbogbo àgbègbè mọ̀ pé ó ń wo ẹ̀gbà sàn, yóò ní, "Èmi kẹ̀? N kò mọ nǹkan kan o. Àgbẹ̀ ni mí." Ẹ̀yin náà yóò jókòó, ẹ óò máa bẹ̀ ẹ́, yóò máa sẹ́, ẹ̀rín músẹ́ yóò sì wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó ń pariwo oògùn kiri ọjà nìkan ni a kì í gbà gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí Bùràímọ̀ gbé e dé ilé pé mo lọ kọ́ṣẹ́ oògùn ní Dàkáà, mo wà lọ́dọ̀ Òyìnbó olóògùn ní Ìkẹjà, wọ́n sì bi mí léèrè, mo ní ìgò ni mò ń fọ̀, àwọn àgbà ìlú wa ń mi orí. Wọ́n ní ọmọ náà ti gbó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Olóògùn.

Bí mo bá tún ti sẹ́ ni wọ́n ń gbà mí gbọ́ sí i. Ní ọjọ́ kan mo bínú, mo fi Àlùkùránì búra lórí fóònù pé kò sí oògùn sòbìà kankan ní ọwọ́ mi. Bùràímọ̀ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má sọ ọ́ lórí wáyà. Àwọn tó wà láàárín lè máa gbọ́." Mo gbé fóònù sílẹ̀, n kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún.

Agége ni mo ń gbé. Yàrá kan ni mo ní ní ilé obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣe búrẹ́dì, ààrò rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn fèrèsé mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni òórùn búrẹ́dì á ti gba gbogbo ilé, ebi á sì máa pa mí láìtíì jí. Mo fẹ́ràn ilé náà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń kí ara wọn "kú ọdún" níbi ìrun Iléyá, tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń lọ sí ilé àwọn ẹ̀bí rẹ̀, n kò ní ilé tí mo ń lọ. Wọ́n mọ̀ mí sí ará Faransé ní mọ́ṣáláṣí náà. Àwọn ará ilé wa tí wọ́n bá sì ń kọjá, ará Èkó ni wọ́n ń pè mí. Mo máa ń rò ó nígbà náà pé ibo gan-an ni mo ti wá, tó fi jẹ́ pé ìlú méjèèjì ló ń fi mí fún ara wọn.

Mo rò pé mo ti jìnnà sí ìlú wa, ìlú ló wá mi wá. Mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá bàbá kan láti ilé wa tó jókòó sí ìdí ààrò, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, orí sòbìà ti yọ ní ọrùn ẹsẹ̀ náà. Adìẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Mo wá gba tèmi."

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. N kò ní nǹkan kan tí mo lè fún yín."

Ó ṣẹ́jú sí mi. Ó ní, "Mo mọ̀. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìyá Onílé ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. "Músíò! Oníṣègùn ni ọ́, o wá ń gbé inú ilé mi o ò sọ! Ìbàdí tó ń dùn mí látèṣí ńkọ́?"

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo wá igi ìṣáná kan, mo wé orí aràn náà mọ́ ọn, mo sì ń ká a lójoojúmọ́ bí wọ́n ti ń ṣe é nílé wa láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ìyàwó rẹ̀ lè ká a fún un. Ọmọ rẹ̀ lè ká a. Nígbà tí aràn náà jáde tán, bàbá náà gbọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbàdúrà lé mi lórí títí, ó wọ ọkọ̀ lọ sílé, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé ọwọ́ mi nìkan ti tó oògùn. N kò jẹ nínú adìẹ náà. Ìyá Onílé ló jẹ ẹ́, ó sì ń wojú mi bó ti ń jẹ ẹ́.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Dókítà tó gbé mi kúrò nídìí ìgò. Òyìnbó tó ń bá a ṣiṣẹ́ padà sí ìlú wọn, kò sí ẹlòmíràn nítòsí, Gẹ̀ẹ́sì mi náà sì ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó nawọ́ sí tábìlì kan, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe rí: ẹ óò mú oògùn kan tí wọ́n ti mọ̀, ẹ óò pààrọ̀ nǹkan díẹ̀ lára rẹ̀, ẹ óò ṣe mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí láyé. Lẹ́yìn náà ẹ óò dán an wò. Gàníyù máa ń lọ sí odò ẹran ní Agége láàárọ̀ láti gba aràn inú màlúù lọ́wọ́ àwọn alápatà, yóò gbé wọn wá láàyè nínú omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. A ó kán nǹkan tuntun náà sínú omi, a ó sì máa wò ó. Bí aràn inú màlúù bá kú, a lè máa retí pé sòbìà náà á kú.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ mi tó dì funfun ní ìsàlẹ̀ ìgò, tó ń dán, mo jókòó tì í títí tí Gàníyù fi bèèrè bóyá ó rẹ̀ mí ni. Kò sí ẹni tó tíì ṣe irú rẹ̀ rí, èmi ni mo ṣe é. A kán an sínú omi. Àwọn aràn náà ń yí lọ yí bọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó dà bí ẹni pé a tiẹ̀ fún wọn lóúnjẹ. Dókítà gbójú sókè, ó ní kí n ṣe òmíràn. Gàníyù da ìyẹn nù. Mo ṣe òmíràn, ó dà á nù. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi lọ tí òjò fi dé, tí òjò náà sì tún lọ.

Ìgbà tó wá yá, èyí kan pa wọ́n. Kò pẹ́ rárá tí a kán an sínú omi tí gbogbo wọn fi nà gbọnrangandan. Gàníyù fi igi tọ́ wọn, kò sí èyí tó mira. Ó pariwo, "Músíò, you don try! You don kill dem finish!" Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé Ìkẹjà, kò bọ̀ mí lọ́wọ́ rí.

Ọjọ́ tí mo máa ń bá Bùràímọ̀ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù ni ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ pé kò sí oògùn. A kò tíì dán an wò lára eku, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá pa aràn nínú ìgò kò tíì di nǹkan kan. Nígbà tí Bùràímọ̀ bèèrè ìbéèrè rẹ̀, mo dá a lóhùn bí mo ti ń dá a lóhùn tẹ́lẹ̀. "Kò tíì jáde o." Ṣùgbọ́n ayọ̀ kún inú mi, n kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo rẹ́rìn-ín títí. Òun náà rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n gbé lọ sílé.

Gbogbo eku tí a fún ní nǹkan náà ló kú. Gàníyù ló kọ́kọ́ rí wọn nígbà tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, kò sì lè wojú mi. Dókítà wò wọ́n, ó ní, "Ó pa aràn, ó sì pa ẹni tó ni aràn." Ó lọ mu tíì rẹ̀. Mo padà sídìí tábìlì mi, mo ń gbìyànjú láti ronú ohun tí mo tún lè pààrọ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni mo dé ilé, tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí ẹní nínú àgbàlá Ìyá Onílé. Aṣọ àlòkù ni wọ́n fi wé ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn, ibà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ọkọ mi, o ò tètè dé, èmi ti dé."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tú aṣọ náà. Orúnkún rẹ̀ ti wú, ó ń gbóná, ihò ibi tí sòbìà ti yọrí ti ń ṣọyún, bẹ́ẹ̀ n kò rí orí aràn kankan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ká a fún yín?"

"Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn ba tìrẹ jẹ́ ni? Bùràímọ̀ ní o sẹ́, ó ní ṣùgbọ́n o rẹ́rìn-ín." Ó tún ìdí ṣe lórí ẹní, ó sì kérora. "Inú lọ́rì ni àpò àgbàdo ti wó lù mí lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà náà ni n kò ti rí i mọ́."

Aràn náà ti já sínú orúnkún rẹ̀. Òun tó ti ń ká sòbìà láti kékeré, tó lè ká a pẹ̀lú ojú dídì, ló jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ nítorí tèmi. Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà náà, ǹ bá wọ inú rẹ̀. Mo sọ fún un pé kò sí oògùn. Mo sọ ọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbà tẹ́rín-tẹ́rín, ó ń mi orí. Ó ní, "Mo mọ̀, mo mọ̀. Èmi náà lo ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún?"

Mo ní kí a máa lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní òun kò ti Kétu wá torí ilé ìwòsàn, ilé ìwòsàn wà ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí n kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe, mo ní kí Gàníyù gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá. A gbé ẹ̀gbọ́n mi sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, Gàníyù ń tì í, èmi ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kó má baà fì, a sì gbé e dé yàrá ìwádìí. Mo rò pé bí ó bá fojú rẹ̀ rí i, yóò gbà.

Ohun tó rí ni ìgò rẹpẹtẹ lórí pákó. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó nawọ́ sí wọn, ó ní, "Gbogbo èyí! O wá ń sọ pé o ò ní nǹkan kan." Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti nawọ́ mú èyí tó sún mọ́ ọn, ó ti ń ṣí ìdérí rẹ̀. "Fún mi mu. Iye tó bá yẹ ni kí o fún mi."

Mo gba ìgò náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Agbára tí mo lò pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo ti ń sunkún, n kò mọ̀. Mo ní, "Yóò pa yín! Gbogbo wọn ni kò ṣiṣẹ́. Ẹyọ kan tó ṣiṣẹ́, ó pa eku. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò rí oògùn náà. Ìgbà tí mo ní n kò rí i, n kò rí i ni."

Ó wo ojú mi. Ó wò ó pẹ́. Ó ń wá ẹ̀rín músẹ́ tí àwọn olóògùn wa máa ń rín nígbà tí wọ́n bá ń sẹ́, kò sì rí i. Mo rí i bí ó ṣe ń kúrò ní ojú òun náà, ìrètí tó gbé e láti Kétu wá. Ó jókòó sórí àpótí kan.

"Ṣé òótọ́ lò ń sọ látọjọ́ yìí?"

"Òótọ́ ni."

"Nígbà tí o ní ìgò lò ń fọ̀?"

"Ìgò ni mò ń fọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Áà," ló wí. Kò bú mi. Ì bá sàn fún mi kó bú mi. Ó ní kí Gàníyù gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn tí mo sọ.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n la ojú ọgbẹ́ náà, ibà lọ, wọn kò sì gé ẹsẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n orúnkún náà gan, kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tó ń lọ sílé ni mo rí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Onílé, tó fún un ní búrẹ́dì gbígbóná láràárọ̀ tí kò sì gba nǹkan kan. Ó tẹ orúnkún kan, èkejì kọ̀. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di ògiri mú. Ìyá Onílé sáré dì í mú, ó ní, "Ó ti tó, ọmọ mi, dìde, mo ti rí i. Má kúnlẹ̀ mọ́." Obìnrin tó tọ́ mi, tí kò gbójú sókè kí àgbà rí, yóò máa dúró gbagidi níwájú àwọn àgbà títí ayé rẹ̀. Mo yíjú sí ibi ààrò.

Lẹ́yìn tó lọ, ó pẹ́ kí n tó dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo rò ó pé kí n padà sí Àjàṣẹ́, kí n lọ máa ka kóró oògùn, nǹkan tí ẹlòmíràn ti ṣe, tí a mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo sọ fún Dókítà pé bí oṣù bá parí n óò lọ. Kò sọ pé kí n má lọ. Ó ní kí n fọ tábìlì mi mọ́ kí n tó lọ. Mo wá lọ pe Bùràímọ̀ láti sọ fún un pé mò ń bọ̀ nílé.

Ó bá mi sọ̀rọ̀ òjò. Ó sọ ẹni tó gbéyàwó, ó sọ ẹni tó kú. Mo ń dúró de ìbéèrè rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó ti ń bi mí yẹn, inú máa ń bí mi sí i, mo sì máa ń fi ìbínú fèsì. A ń gbọ́ bí wáyà náà ṣe ń hó. Kò bèèrè. Mo mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀gbọ́n mi ti dé ilé, ó ti sọ fún wọn, wọ́n sì ti gbà á gbọ́. Ohun tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ojú kò tì mí rí bí ó ti tì mí ní àkókò yẹn, níbẹ̀ láàárín àwọn ẹlòmíràn, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni tó tún ń retí nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Bùràímọ̀ ní, "Ìyá Ràfíù wà níbí o, wọ́n wọkọ̀ láti ilé wá. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní fóònù."

Ẹ̀gbọ́n mi kò lo tẹlifóònù rí. Ó pariwo sínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí akọ̀wé tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi gbójú sókè.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ṣé o ṣì ń wá a?"

Mo ti fẹ́ sọ pé mò ń bọ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi.

"Mò ń wá a," ni mo wí.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ó dáa. Sòbìà ti yọ lẹ́sẹ̀ Ràfíù. A ti ń ká a, a kò dúró dè ọ́." Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. "Àwa kò ní dúró dè ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ máa wá a."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbé fóònù fún akọ̀wé náà, mo sì padà lọ sọ fún Dókítà pé n kò lọ mọ́.